Sítáǹpù àtijọ́ ilẹ̀ Tọ́kì: níbo ni kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó o jọ ti bẹ̀rẹ̀?

Tíṣà Mọ́lété

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti ń kó sítáǹpù Nàìjíríà jọ. Ní oṣù tó kọjá, mo ra àpò kan tí ó kún fún àdàlù sítáǹpù oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè lọ́wọ́ ẹnì kan tí ó ń ta ẹrù ilé olóògbé kan ní Ìbàdàn níbí. Nígbà tí mo tú àpò náà, mo rí bí ogójì tí ìkọ̀wé ara ọ̀pọ̀ nínú wọn dà bí ti kéwú. Àmì oṣù àti ìràwọ̀ wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn mìíràn sì ní àwòrán kan tí ó dà bí okùn tí wọ́n lọ́ pọ̀, tí ó na ọ̀pá mẹ́ta sókè. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ti Saudi ni, òmíràn ní ti Íjíbítì ni. Ìwé kan tí mo yẹ̀ wò fi yé mi pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ti Tọ́kì. (Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe tọ́kì inú fìríìsà ni mo ń wí.)

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bí mo ṣe lè dá wọn mọ̀, bóyá a lè fi irú èyí bẹ̀rẹ̀ àkójọ gidi, bí ènìyàn ṣe ń yẹra fún ayédèrú, àti bí mo ṣe lè tọ́jú wọn kí ọ̀rinrin òjò yìí má bà wọ́n jẹ́. Owó oṣù tíṣà ni mo ń gbà, nítorí náà ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rán mi níṣẹ́ tí àpò mi kò lè jẹ́.

Àfáà Ìlọrin

Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹni tí ó bá ti jókòó sí ilé kéwú rí ti ní irinṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ olùkó sítáǹpù jọ ní Yúróòpù ń fi ọdún púpọ̀ wá. Títí di ọdún 1928, lẹ́tà Lárúbáwá ni wọ́n fi ń kọ èdè Tọ́kì, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ní Ìlọrin ti ń fi lẹ́tà kan náà kọ Yorùbá. Èdè náà kì í ṣe Lárúbáwá, nítorí náà ẹ kò ní lóye gbogbo ohun tí ẹ bá kà, ṣùgbọ́n ẹ ó lè pe àwọn lẹ́tà rẹ̀, ìyẹn sì tó láti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wá ni lẹ́tà kan tí kò sí nínú Kùránì: lẹ́tà bá tí ó ní tóótòó mẹ́ta nísàlẹ̀ dípò ẹyọ kan ṣoṣo. Òun ni wọ́n fi ń kọ ohùn «p», ẹ ó sì bá a nínú «para», tí í ṣe orúkọ owó kékeré wọn, àti nínú «posta». Bí ẹ bá ti rí lẹ́tà yìí, ẹ lè dá ọ̀rẹ́ yín tí ó dárúkọ Saudi lóhùn pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí èdè Lárúbáwá kò ní ohùn náà. Àwọn ará Iran náà ń lo lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n kìnnìún tí ó gbé idà dání, tí oòrùn yọ lẹ́yìn rẹ̀, ni ẹ ó máa bá lára ọ̀pọ̀ nínú sítáǹpù àtijọ́ tiwọn. Ní ti ọ̀rẹ́ yín kejì, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Abẹ́ àṣẹ Súlútánì ni Íjíbítì wà nígbà náà, èdè Tọ́kì sì ni wọ́n tẹ̀ sára sítáǹpù àkọ́kọ́ wọn ní ọdún 1866. Láti 1867 ni pírámíìdì àti ère Sphinx ti wọ ara tiwọn, kò sì sí ẹni tí yóò tún ṣi í mọ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Okùn lílọ́ tí ẹ rí yẹn ni tughra, ìbuwọ́lù Súlútánì. Wọ́n hun orúkọ rẹ̀, orúkọ baba rẹ̀ àti gbólóhùn kan tí ó túmọ̀ sí «aṣẹ́gun nígbà gbogbo» pọ̀ sínú rẹ̀. Súlútánì kọ̀ọ̀kan ni ó ní tirẹ̀, nítorí náà tughra fúnra rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọjọ́ orí sítáǹpù fún yín. Abdülaziz jọba láti 1861 sí 1876, Abdülhamid Kejì láti 1876 sí 1909, Mehmed Karùn-ún láti 1909 sí 1918. (Murad Karùn-ún wà láàárín àwọn méjì àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta péré ni ó lò lórí ìtẹ́.) Àwọn sítáǹpù tí ó jáde ní 1908 àti 1909 jọra púpọ̀, ibẹ̀ sì ni ojú ti máa ń tan ni. Ẹ wo apá ọ̀tún òkè tughra náà: bí ẹ bá ka «Reşad» níbẹ̀, èyí tí a ń fi rá, shíìnì, álífù àti dál kọ, ti Mehmed Karùn-ún ni, nítorí Reşad ni orúkọ rẹ̀ kejì.

Iye owó rẹ̀ kò le. Nọ́ńbà tí a fi ń ka ojú ewé Kùránì náà ni. 40 para ni kuruş kan, 100 kuruş sì ni lira kan. Lára díẹ̀ nínú àwọn tí ó jáde láti bí ọdún 1906, ẹ lè rí lẹ́tà bá kékeré kan tí wọ́n dá tẹ̀ sórí rẹ̀. Kì í ṣe àṣìṣe ìtẹ̀wé. Irú èyí ni wọ́n ń tà ní ẹ̀dínwó fún àwọn tí ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí òkèèrè, kí wọ́n má baà gbé lẹ́tà wọn lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ àwọn òyìnbó tí ó wà nínú ìlú.

Bí ẹ bá sì rí oṣù àti ìràwọ̀ tí wọ́n tẹ̀ lé sítáǹpù àtijọ́ lórí pẹ̀lú nọ́ńbà 1331, ọdún Hijra nìyẹn. Ó bọ́ sí 1913.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ankara

Ẹ forí jì mí, Àfáà. Ọmọ yín ni mo jẹ́, mo sì kọ́ nǹkan nínú àlàyé yín lórí tughra. Ọ̀rọ̀ ọdún yẹn nìkan ni mo fẹ́ tún wò, nítorí ó ti ṣi èmi náà lọ́nà rí.

Kàlẹ́ńdà méjì ni ìjọba Ottoman, ìyẹn ìjọba àwọn Súlútánì Tọ́kì, ń lò pọ̀. Hijra wà fún ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n láti ọdún 1840 ni ìjọba ti ń fi kàlẹ́ńdà mìíràn tí wọ́n ń pè ní Rumi ṣe iṣẹ́ rẹ̀, tí ó fi dé orí owó orí àti ìfìwéránṣẹ́. Oòrùn ni Rumi ń tẹ̀ lé, kì í ṣe òṣùpá. Oṣù Ẹrẹ́nà ni ọdún rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ọ́ di ọdún tiwa yóò fi 584 kún un. Bí lẹ́tà bá jẹ́ ti oṣù Ṣẹ́rẹ́ tàbí Èrèlé títí di ọdún 1917, 585 ni yóò fi kún un. Nítorí náà 1331 tí ó wà lórí sítáǹpù yẹn jẹ́ 1915, 1332 jẹ́ 1916, nígbà tí ogun ńlá àkọ́kọ́ ń lọ lọ́wọ́, tí wọ́n ń kó sítáǹpù àtijọ́ jáde láti inú àká, tí wọ́n ń tẹ nǹkan tuntun lé e. Bí a bá kà á sí Hijra, ọdún méjì ni a fi ṣì í, ogun náà kò sì tíì bẹ̀rẹ̀.

Níwọ̀n ìgbà tí a ti fa ọ̀rọ̀ ọdún yọ, ẹ jẹ́ kí n fi àwọn òpó díẹ̀ gúnlẹ̀ fún Tíṣà. Wọ́n dá ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Ottoman sílẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù Ọ̀wàrà 1840, ṣùgbọ́n sítáǹpù kò dé títí di 1863. Ní ọjọ́ 23 oṣù Igbe 1920, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tuntun jókòó ní Ankara níbí, nígbà tí Istanbul wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn ará Ankara kò ní sítáǹpù lẹ́tà tó, wọ́n bá kó sítáǹpù owó orí, ti ilé ẹjọ́, àní ti ọkọ̀ ojú irin Hijaz pàápàá, wọ́n tẹ nǹkan lé wọn, wọ́n sì sọ wọ́n di ti lẹ́tà. Òǹtẹ̀ ọwọ́ ni wọ́n fi lu àwọn mìíràn. Bí ẹ bá rí 1337 lára irú rẹ̀, 1921 nìyẹn. Nínú gbogbo sítáǹpù ilẹ̀ yìí, àwọn wọ̀nyí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí a lè rí àìní àwọn ènìyàn àti ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i lójú pépà kan náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni kí ẹni tuntun ti bẹ̀rẹ̀, nítorí òǹtẹ̀ ọwọ́ kò ṣòro fún oníjìbìtì láti gbẹ́.

Orílẹ̀-èdè olómìnira bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Ọ̀wàrà 1923. Àwòrán Mustafa Kemal, ààrẹ àkọ́kọ́ ibẹ̀, fara hàn nínú àwọn tí ó jáde ní 1926, òun àti ìkookò eérú inú ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn Tọ́kì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Bélú 1928 ni òfin lẹ́tà tuntun jáde. Ìkọ̀wé Lárúbáwá kúrò díẹ̀díẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí «Türkiye Cumhuriyeti» (Orílẹ̀-èdè Olómìnira Tọ́kì) ní lẹ́tà tí gbogbo wa lè kà. Ẹ pín ogójì tí ó wà lọ́wọ́ yín sí méjì báyìí: àwọn tí ó ní lẹ́tà Lárúbáwá lọ́tọ̀, àwọn tí kò ní in lọ́tọ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, yóò sì ti mú ọ̀nà kúrú.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá gba Ankara kọjá, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé sítáǹpù tí PTT, ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Tọ́kì, ṣí ní ọdún 2013 wà ní Ulus, nínú ilé báǹkì àtijọ́ kan tí Clemens Holzmeister yàwòrán rẹ̀. Mo máa ń lọ síbẹ̀ tí ìwé kíkà bá sú mi.

Àfáà Ìlọrin

Mo gbà, ọmọ mi, o ṣeun. Mo ní méjì nínú onínọ́ńbà 1331 yẹn nínú álíbọ́ọ̀mù mi tí mo ti fi bírò kọ 1913 sábẹ́ wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Mo ń lọ pa á rẹ́ nísinsìnyí.

Ará Peckham

Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, ẹ kú àkójọ. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń kó ti Ottoman jọ ní London níbí. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ibi tí ó yẹ kí owó kékeré lọ, kí n tó kan ọ̀rọ̀ ayédèrú.

Gbogbo ẹni tuntun ni ó máa ń fẹ́ ti 1863, èmi náà sì fẹ́ ẹ. Tughra Abdülaziz ni ó wà lójú wọn. Yíǹkì dúdú ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ láti orí òkúta sórí pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ti pa láró: 20 para lórí pépà bí ìyeyè, 1 kuruş lórí èyí tí ó fara jọ elésè àlùkò tí ó ti ṣá, 2 kuruş lórí àwọ̀ tí ó wà láàárín aró àti ewé, 5 kuruş lórí àwọ̀ òdòdó. Kò sí eyín létí wọn (ihò wẹ́wẹ́ tí a fi ń fa sítáǹpù ya), àlùmọ́gàjí ni wọ́n fi ń gé wọn. Ọ̀já aláwọ̀ kan wà tí wọ́n tẹ̀ kọjá níbẹ̀, tí ó gbé orúkọ ilé iṣẹ́ ìṣúná ìjọba. Wọ́n tún tò wọ́n sórí bébà ńlá lọ́nà tí ó fi jẹ́ pé a lè rí méjì tí ó so mọ́ ara wọn tí ọ̀kan dúró, tí ìkejì sì dorí kodò. Wọ́n lẹ́wà, ṣùgbọ́n ohun tí kò ní eyín, tí ó jẹ́ yíǹkì dúdú nìkan, ni ó rọrùn jù fún olè láti ṣe irú rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan.

Èyí tí ó tẹ̀ lé e ni ti 1865, tí ayàwòrán kan tí ń jẹ́ Duloz ṣe. Ilé ìtẹ̀wé Poitevin ní Paris ni ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, eyín rẹ̀ sì gún régé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà wá sí Constantinople, ìyẹn Istanbul, eyín sì di ráúráú. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn kí ó máa ka eyín lè lo ìyókù ayé rẹ̀ nínú ti Duloz nìkan. Ẹ̀mí mi kò gbé e. Ní 1876 ni èdè Faransé wọlé, tí wọ́n kọ «EMP. OTTOMAN» sí i, nítorí ìjọba Ottoman wà lára àwọn tí ó fọwọ́ sí àdéhùn ìfìwéránṣẹ́ àgbáyé ní Bern ní 1874, lẹ́tà wọn sì gbọ́dọ̀ ṣeé kà ní òkèèrè.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láàárín 1892 àti 1914. Àwọn tí ó gbé àmì ìjọba Abdülhamid ní 1892 pọ̀ lọ jàra, ogójì yín yóò ti ní díẹ̀ nínú wọn, owó pọ́ọ́kú sì ni wọ́n. Nítorí pé wọn kò wọ́n, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi jí wọn ṣe, ojú yín yóò sì fi ojúlówó kọ́ ìwà pépà àti yíǹkì ìgbà yẹn. Ẹni tí kò bá mọ ojúlówó lámọ̀dunjú kò lè dá ayédèrú mọ̀. Ẹ má sì wo sítáǹpù nìkan, ẹ wo òǹtẹ̀ tí ilé ìfìwéránṣẹ́ lù ú. Lẹ́tà Tọ́kì àti ti Faransé wà pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ ó sì rí orúkọ ìlú bíi Salonique, Smyrne, Beyrouth, Jérusalem. Sítáǹpù tí kò tó iye búrẹ́dì kan lè di ohun tí àwọn olùkójọ ń dù nítorí pé ìlú kékeré kan ní Yemen tàbí Ìráàkì ni wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí i.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àwọn tí kò dà bí ti Tọ́kì rárá. Bírítéènì, Faransé, Jámánì, Austria, Rọ́ṣíà àti Ítálì ní ilé ìfìwéránṣẹ́ tiwọn nínú ilẹ̀ Ottoman. Sítáǹpù tiwọn ni wọ́n ń lò níbẹ̀, pẹ̀lú «LEVANT» tàbí iye para àti piastre (orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pe kuruş) tí wọ́n tẹ̀ lé e lórí. Ìjọba Ottoman ti gbogbo wọn pa ní oṣù Ọ̀wàrà 1914. Bí ẹ bá rí orí ọbabìnrin Victoria tí «40 PARAS» wà lórí rẹ̀ nínú àpò yín, ẹ má kó o sọ́dọ̀ ti Bírítéènì.

Wàyí o, ayédèrú. Nínú sítáǹpù Tọ́kì, kì í ṣe sítáǹpù fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń jí ṣe jù, ohun tí wọ́n tẹ̀ lé e lórí, ìyẹn àtẹ̀lérí, ni. Oníjìbìtì a mú ojúlówó sítáǹpù tí kò níye lórí, a tẹ ohun kan lé e, a sì sọ ọ́ di ọ̀wọ́n. Ti ìwé ìròyìn ti 1891 tí ó ní «IMPRIMÉ», ti oṣù àti ìràwọ̀ ti 1915 àti 1916, àti ti ìlú Adana ti 1921 ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Ẹ wá awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, kí ó tó ìlọ́po mẹ́wàá. Bí sítáǹpù bá ti gba òǹtẹ̀, ẹ wo èyí tí ó wà lókè nínú yíǹkì méjèèjì. Ìjọba a máa tẹ nǹkan lé sítáǹpù kí ó tó tà á, ilé ìfìwéránṣẹ́ a sì lu òǹtẹ̀ lé e lẹ́yìn títà. Bí àtẹ̀lérí bá gun orí òǹtẹ̀, ẹ ti mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ní ti kátálọ́ọ̀gì, İsfila tí wọ́n ń tẹ̀ ní Istanbul ni ó kún jù lórí Tọ́kì. Michel, Scott àti Stanley Gibbons náà dára. Nọ́ńbà wọn kò bára mu, nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ nọ́ńbà fún yín, ẹ bi í pé ti kátálọ́ọ̀gì wo ni. Ẹ ra èyí tí ó ti gbó. Iye owó inú rẹ̀ yóò ti yí padà, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ kò ní yí. Ẹgbẹ́ Royal Philatelic Society London ní ìgbìmọ̀ tí ń fún ni ní ìwé ẹ̀rí pé sítáǹpù jẹ́ ojúlówó, ṣùgbọ́n owó ìwé ẹ̀rí yóò ju iye ogójì yín lápapọ̀ lọ, ẹ má tíì ronú rẹ̀.

Ìyá Ọlọ́jà Laleli

Ẹ kú ìjókòó o. Aṣọ ni mo ń lọ rà ní Laleli àti Osmanbey ní Istanbul, sítáǹpù kàn jẹ́ ìgbádùn mi ni. Ẹni tí ó bá gba Laleli dé Beyazıt ti dé ọjà ìwé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Sahaflar. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn ín, ní ọ̀sán tí àwọn oníbàárà mi bá ń di ẹrù. Kì í ṣe sítáǹpù nìkan ni wọ́n ń tà níbẹ̀, ẹ ó rí póòsìkáàdì, ìwé kéwú àtijọ́ àti àwòrán.

Ohun tí ó mú mi wọ inú rẹ̀ ni àwọn sítáǹpù tí ilé ìtẹ̀wé Bradbury Wilkinson tẹ̀ ní London fún Ottoman ní 1914. Àwòrán Istanbul ni ó pọ̀ jù nínú wọn: òpó òkúta ńlá tí ó wà ní Hippodrome (pápá eré ẹṣin àtijọ́), ilé ìṣọ́ Kız Kulesi tí ó dá dúró sáàárín omi, mọ́ṣáláṣí Sultan Ahmed, odi Rumeli Hisarı, ọkọ̀ ogun Hamidiye. Ọ̀kan wà tí ó gbé ilé iṣẹ́ ogun. Nígbà tí mo jáde ní Sahaflar tí mo gbé ojú sókè, ẹnu ọ̀nà kan náà ni mo rí níwájú mi. Ó ti di ti Yunifásítì Istanbul báyìí. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú sítáǹpù lọ́wọ́ títí ẹnì kan fi bi mí bóyá mo sọnù.

Ṣùgbọ́n wọ́n rẹ́ mi jẹ nínú rẹ̀. Ẹnì kan, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, tà mí ní odindi àtòpọ̀ 1914 pé ó pé pérépéré, tí ó fi dé orí 200 kuruş tí ó gbé àwòrán Mehmed Karùn-ún. Mo yọ̀. Ilé ni mo ti rí i pé wọ́n ti lẹ eyín tuntun mọ́ méjì nínú wọn, àti pé 200 kuruş náà, ẹ̀dà tí wọ́n fi ẹ̀rọ òde òní tẹ̀ ni. Bí mo bá wò ó lábẹ́ awò, tóótòó wẹ́wẹ́ aláwọ̀ oríṣiríṣi ni mo ń rí, kì í ṣe ilà tí wọ́n gbẹ́. Láti ọjọ́ náà, awò mi kì í kúrò nínú báàgì. Bí ẹni tí ń tà bá fajú ro pé mo ń wò ó pẹ́, mo dá a padà fún un. Mo tún máa ń gba rìsíìtì, mo sì ń gbé sítáǹpù mi sínú báàgì ọwọ́. N kì í tì í sáàárín báàlì aṣọ.

Tíṣà, ẹ má ra «àtòpọ̀ tí ó pé» lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀. Ẹ rà á lẹ́yọ lẹ́yọ. Yóò pẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ó mọ èyí tí ó dára níbẹ̀.

Bàbá Pósófíìsì

Mo kí gbogbo yín. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi wà nídìí lẹ́tà kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti rí bí sítáǹpù ṣe ń kú ní ilẹ̀ wa yìí. Ìtọ́jú ni èmi yóò sọ.

Ẹ má ṣe laminéètì rẹ̀. Mo mọ̀ pé ohun gbogbo ni a ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún, láti sátífíkéètì dé káàdì ìdánimọ̀, ṣùgbọ́n sítáǹpù tí a bá ti fi iná lẹ̀ mọ́ ike kò ní jáde mọ́, kò sì níye lórí mọ́. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù kàn án. Ẹ̀mú kékeré tí ẹnu rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ni kí ẹ fi máa mú un, nítorí òróró ìka a máa di àbàwọ́n lẹ́yìn ọdún díẹ̀.

Ọ̀rinrin ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Bí òjò bá ti gbó, gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ yóò rọ̀, yóò lẹ̀ mọ́ ojú ewé, tóótòó pupa bí ìpẹtà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú pépà, kì í lọ mọ́. Ẹ tò ó sínú álíbọ́ọ̀mù tí ó ní àpò tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ gbé álíbọ́ọ̀mù náà dúró bí ìwé lórí pẹpẹ, ẹ má tò wọ́n lé ara wọn. Kí ó jìnnà sí ògiri tí ń mí omi àti ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn àpò kékeré olóògùn tí a máa ń bá nínú páálí bàtà tuntun, ẹ má sọ wọ́n nù, ẹ kó wọn sínú àpótí tí álíbọ́ọ̀mù wà. Ẹ máa ṣí i lẹ́ẹ̀kan lóṣù kí afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́. Nígbà ọyẹ́, òdìkejì ni, yóò ká kòrókòró. Ẹ má fi ipá nà án, ẹ fi í sílẹ̀ sáàárín ìwé tí ó wúwo díẹ̀. Aáyán àti kòkòrò ajẹ̀wé ń jẹ gọ́ọ̀mù, nítorí náà kí oúnjẹ má sí nítòsí. Káńfọ̀ kò gbọ́dọ̀ kan sítáǹpù.

Èyí tí ó bá lẹ̀ mọ́ pépà lásán, ẹ lè rẹ ẹ́ sínú omi tútù tí ó mọ́ títí yóò fi bọ́ fúnra rẹ̀, kí ẹ sì fi í sáàárín pépà funfun kí ó gbẹ. Ṣùgbọ́n yíǹkì aláwọ̀ àlùkò a máa ṣàn nínú omi. Èyí tí wọ́n fi òǹtẹ̀ ọwọ́ lù, irú ti Ankara tí ọmọ wa sọ, omi kò gbọ́dọ̀ kàn án. Bí ó bá sì wà lórí odindi àpò lẹ́tà, tàbí lórí ègé tí òǹtẹ̀ pé sí, ẹ fi í sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Mo ti rí ẹni tí ó gé sítáǹpù kúrò lára lẹ́tà ọgọ́rùn-ún ọdún. Mo bínú sí i bí ẹni tí ó ba ohun ìní baba mi jẹ́.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Mo kàn ń ka ọ̀rọ̀ yín lọ ni. Kí Tíṣà má rò pé ohun àjèjì pátápátá ni ó ń kó jọ, Abdülhamid Kejì tí tughra rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó fún Mohammed Shitta ti Èkó ní oyè Bey. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí rẹ̀, ní ọjọ́ 4 oṣù Agẹmọ 1894, ni wọ́n fi oyè náà jẹ. Abdullah Quilliam wá láti Liverpool gẹ́gẹ́ bí aṣojú Súlútánì. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Shitta-Bey títí di òní. Sítáǹpù ti 1892 tí Ará Peckham ní kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń lò ní Istanbul lọ́dún náà. Bí mo bá ń kó o jọ, ibẹ̀ ni èmi yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ankara

Ọ̀rọ̀ yìí wú mi lórí. Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un fún àwọn ìyá wa tí ń ka èyí: ní 1935, nígbà tí àwọn obìnrin àgbáyé tí ń jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò pé jọ sí Istanbul, Tọ́kì tẹ sítáǹpù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ìpàdé náà. Marie Curie, Jane Addams àti Selma Lagerlöf, tí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel, wà nínú wọn, pẹ̀lú obìnrin tí ń wa ọkọ̀ òfuurufú àti èyí tí ń dìbò. Odindi rẹ̀ wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n a lè rí àwọn iye kékeré rẹ̀ rà lẹ́yọ lẹ́yọ.

Tíṣà Mọ́lété

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti pín wọn: mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní lẹ́tà Lárúbáwá, mẹ́sàn-án kò ní in. Mo rí bá olótóótòó mẹ́ta lára ọ̀pọ̀, mo sì rí «Reşad» lára mẹ́rin. Ọ̀kan wà lórí ègé àpò lẹ́tà tí «BEYROUTH» pé sí lórí òǹtẹ̀ rẹ̀. Mo ti po omi sínú abọ́ láti rẹ ẹ́ kí n tó ka ọ̀rọ̀ Bàbá. Mo ti da omi náà nù.

Ẹyọ kan ni mo fẹ́ béèrè sí i. Sítáǹpù 1892 kan ni, oṣù àti ìràwọ̀ pupa pẹ̀lú 1331 wà lórí rẹ̀, òǹtẹ̀ dúdú sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Inú mi dùn sí i ju gbogbo ìyókù lọ. Mo yá awò lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ aago kan ní ìsàlẹ̀ òpópó wa. Níbi tí àwọ̀ pupa náà ti pàdé òǹtẹ̀, ilà dúdú já, pupa sì lọ tààrà láìdúró.

Ará Peckham

Ẹ wò ó ní ibi mìíràn tí wọ́n ti pàdé, kí ẹ sì yí i sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Bí dúdú bá já níbẹ̀ náà, wọ́n ti lo sítáǹpù náà tán kí pupa tó dé orí rẹ̀.

Tíṣà Mọ́lété

Ó já ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n ti pàdé.

Ará Peckham

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má jù ú nù, ẹ má sì tà á fún ẹnikẹ́ni láìsọ. Ẹ ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ lẹ́yìn álíbọ́ọ̀mù yín, kí ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ «ayédèrú» sókè rẹ̀, kí ẹ sì fi í síbẹ̀. Ojú ewé tèmi ti kún, ó ti di mẹ́ta. Nígbàkúùgbà tí mo bá fẹ́ ra àtẹ̀lérí 1915, òun ni mo kọ́kọ́ máa ń ṣí.

Àfáà Ìlọrin

Kí ẹ sì kọ 1915 sábẹ́ rẹ̀, Tíṣà. Kì í ṣe 1913.